Ṣé Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà Ò Nígbàgbọ́ Ni?

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin mi. Ẹ ní ẹ̀ ń múra iṣẹ́ abẹ, àyà yín ń já, ẹnì kan wá ka 2 Tímótì 1:7 sí yín létí pé Ọlọ́run kò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù, pé ẹ̀rù tó ń bà yín fi hàn pé ẹ ò nígbàgbọ́. Irú àlàyé yìí máa ń bí mi nínú. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Bíbélì, mi ò tíì rí ẹsẹ tí wọ́n ń fi na ẹni tó ti ṣubú tó eléyìí.

Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ náà ló sọ fáwọn ará Kọ́ríńtì pé tòun ti àìlera, ìbẹ̀rù àti ọ̀pọ̀ ìwárìrì lòun fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣé òun náà ò nígbàgbọ́ ni? Ẹ ka ẹsẹ kẹjọ nínú 2 Tímótì 1 yẹn: kí Tímótì má tijú láti jẹ́rìí Olúwa ló ń bá a sọ.

Sáàmù 56:3 ni ìdáhùn tèmi: "Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi yóò gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Àkọlé rẹ̀ ní ìgbà tí àwọn Fílístínì mú Dáfídì ní Gátì ni. Ẹ wá ṣí 1 Sámúẹ́lì 21. Ìlú Gòláyátì ni Gátì o! Dáfídì tó pa akọni wọn ló sá wọ àárín wọn nítorí Sọ́ọ̀lù ọba tó fẹ́ pa á. Wọ́n dá a mọ̀, jìnnìjìnnì bò ó, ló bá ń ṣe bíi wèrè. Ó ń ha ara ilẹ̀kùn ẹnubodè, ó jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀, títí Ákíṣì ọba fi béèrè pé ṣé wèrè ló wọ́n òun ni. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sórí sáàmù yẹn nìyí. Kò sọ pé ẹ̀rù kì í ba òun. Ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á gan-an ló gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ẹ̀yìn ìyẹn, ní ẹsẹ kẹrin, ló tó ní òun kì yóò bẹ̀rù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò gbà pé ẹ̀rù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí ìgbàgbọ́ tó dé, ẹnikẹ́ni ì báà wàásù ẹ̀.

Ti Èlíjà tí ẹ̀rù bà tó sá lọ àti ti Pétérù tí ẹ̀rù bà lórí omi náà wà nínú Bíbélì, ẹ lè kà wọ́n fúnra yín.

Ó dùn mí pé a ò ka odindi orí mọ́. Wọ́n á kọ ẹsẹ kan sórí àwòrán òdòdó, a ó máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù, a ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ohun tó ń lé e bọ̀. Àwọn tó kọ́ wa ní Sáàmù kì í jẹ́ ká fo àkọlé.

Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yín. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù fún Ọlọ́run ní pàtó, ìrora ni o, oorun tí wọ́n máa fi kùn yín ni o. Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Ẹsẹ kẹjọ sáàmù yẹn ní Ọlọ́run ń fi omijé sínú ìgò. Ìbéèrè tó bá kù lọ́kàn yín, ẹ bi dókítà, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí àyà yín bá balẹ̀ tán.