Má tíì fọwọ́ kan kábúrétọ̀, wo síìlì kíráńkì ná

Àbúrò, mo ka ohun tí o kọ nípa Suzuki AX100 tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ l'Ógbómọ̀ṣọ́. O ní ojúlówó ti Japan ni, ó ti pẹ́ nínú ilé adìyẹ, iná rẹ̀ jẹ́ fóòlù 6, ó sì ṣì ń lo pọ́íǹtì (irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè bẹ́ iná). O wá ń béèrè bóyá kí o sọ ọ́ di fóòlù 12 pẹ̀lú CDI (àpótí ẹlẹ́tíróníìkì tó ń rọ́pò pọ́íǹtì), kí o sì fi kábúrétọ̀ ńlá sí i kó lè máa sáré. Màá dé ibẹ̀. Àmọ́ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síìlì ná, ìyẹn rọ́bà roboto tó ń dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kíráńkì, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Irú ẹ̀ ni èmi náà ní, kì í ṣe àwòkọ ti Ṣáínà tó kún ìgboro nígbà kan. Nígbà tí mo gbà á, ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló sì tàn mí. Tó bá tutù, kíìkì kan ṣoṣo, ó ti dáhùn. Tó bá gbóná tán, tí mo dá tọ́rótù padà, ẹ́ńjìnì kò ní wálẹ̀, á kàn máa han gooro lọ fúnra rẹ̀. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Kò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fi ní "rìbọ́ọ̀ ni". Wọ́n fẹ sílíńdà, wọ́n fi písítìnì 0.25 sí i, ìyẹn èyí tó fi mílímítà 0.25 tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ó nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, písítìnì há mọ́ sílíńdà, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, orí ló kó mi yọ. Ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè ní bàbá two-stroke ní ẹni àkọ́kọ́ kò mọ iṣẹ́, òun náà sì fẹ ẹ́. Ó tún nọ́ọ̀kì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fẹ ẹ́ lọ títí ó fi kan 1.00. Láti ilé iṣẹ́, mílímítà 50 ni fífẹ̀ sílíńdà yẹn. Písítìnì tí wọ́n ń tà fún rìbọ́ọ̀ ń lọ ní 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kó o wá sílíńdà mìíràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní "rìbọ́ọ̀", ara sílíńdà rẹ ni wọ́n ń jẹ, owó iṣẹ́ ni wọ́n sì ń kó sápò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ń jẹ́ kó nọ́ọ̀kì.

Gbọ́ bó ṣe rí. Nínú ẹ́ńjìnì two-stroke, inú ilé kíráńkì ni atẹ́gùn àti epo ti kọ́kọ́ ń wọlé kó tó gòkè lọ sínú sílíńdà. Písítìnì gòkè, ó fà. Písítìnì sọ̀kalẹ̀, ó tì. Nítorí náà ilé kíráńkì gbọ́dọ̀ dí pinpin. Síìlì méjì ló ń ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì. Ti òsì wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì, àgbá irin tó ń yí láti pèsè iná. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbẹ, atẹ́gùn tí kò gba kábúrétọ̀ kọjá á máa wọlé níbẹ̀. Atẹ́gùn pọ̀, epo kéré, ooru ga, ọ́ìlì gbẹ lára písítìnì, ó parí. Ti ọ̀tún wà lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì. Tí ìyẹn bá bàjẹ́, ọ́ìlì jíà ló ń fà: èéfín funfun á bo àdúgbò, ọ́ìlì jíà á sì máa dín kù láìsí ibi tó ń jò sí nílẹ̀. Máṣìnì tó ti jókòó bíi tìrẹ yẹn, síìlì rẹ̀ á ti le gbagidi. Kó ṣiṣẹ́ lónìí kò ní kó má nọ́ọ̀kì lọ́la.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ fún ọ pé síìlì ṣì dára. Dán an wò. Tú kábúrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà kúrò, gé rọ́bà tíúbù, fi páànù pẹlẹbẹ tì í, kí o sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ojú ihò méjèèjì. Wá púlọ́ọ̀gì àlòkù, fọ́ tánganran inú rẹ̀ dànù, kí wẹ́dà jó fáàfù tíúbù mọ́ ọn. Dè é sí ojú púlọ́ọ̀gì, fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i dé psi 6 (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn). Má jẹ́ kó dé 10, torí agbára atẹ́gùn lè ti síìlì jáde níbi tó wà. Tó bá dúró ní 6 fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó dára. Tó bá ń wálẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Nígbà tí mo kun tèmi, mágínẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, gbogbo ibi dákẹ́ àfi abẹ́ ọ̀pá kíráńkì lápá òsì. Fóòmù kéékèèké ń yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wú, ó ń bẹ́, òmíràn tún ń yọ. Síìlì tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ló jẹ sílíńdà mi tán.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le: yọ àtijọ́, ti tuntun wọlé. Ibi tó ní sípíríǹgì ni kó kọjú sínú ilé kíráńkì. Má fi òòlù gbá mágínẹ́ẹ̀tì o! Ra púlà rẹ̀, irinṣẹ́ tó ń fà á yọ. Tí kíráńkì bá sì ń yí bó o ṣe ń tú nọ́ọ̀tì, ki okùn sínú ihò púlọ́ọ̀gì kó dá písítìnì dúró. Mo ti rí ẹni tó fi sukudíráfà ṣe é, ihò ló dá sórí písítìnì.

Lórí ibi tí wàá ti rà á: Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ pàápàá, púpọ̀ nínú ọjà wọn, Nnewi ló ti ń wá. Mú síìlì àtijọ́ lọ́wọ́, kà nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀. Tí ọlọ́jà bá ní "gbogbo rẹ̀ ló jọra", rìn kúrò níbẹ̀.

Ọ́ìlì ńkọ́? Tó o bá fẹ́ lo pọ́ǹpù ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀, yọ atẹ́gùn inú rọ́bà rẹ̀ kúrò kó o tó ta kíìkì, torí pé tí atẹ́gùn bá wà níbẹ̀, kíráńkì ń yí láìrí ọ́ìlì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi máa ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo inú táńkì pẹ̀lú, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Tó o bá yọ pọ́ǹpù dànù, mílílítà 40 sí lítà epo kan. Ọ́ìlì two-stroke ni mo wí, kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà jáde látinú ẹ́ńjìnì mọ́tò. Tó o bá sì ń sọ̀kalẹ̀ òkè, má pa tọ́rótù dé pátápátá fún ìgbà pípẹ́, nítorí epo yẹn náà ló ń gbé ọ́ìlì wọlé.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? O kò béèrè, ṣùgbọ́n wàá bá a pàdé. Kí o tó náwó kan, wo nọ́ńbà ṣásí ní ọrùn hándù àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, fi wọ́n wé ìwé bàbá rẹ. Ọ́fíìsì tí mo lọ, ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ó ní kí n lọ mú ẹni tó tà á wá, ẹni tó ti wà ní sàréè. Títí a fi yanjú ẹ̀, gbogbo kọ̀ǹtá ló ní ẹni tí mo gbọ́dọ̀ "rí". Tó bá sì jẹ́ pé Èkó lo fẹ́ gbé e wá, rántí pé láti oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Àpápá àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Ẹni tó fẹ́ gbé e jù sọ́kọ̀ kò ní bi ọ́ bóyá ogún bàbá ni.

Ó dáa, ohun tó o béèrè. Fóòlù 12 dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí o kàn gbé bátìrì 12 lé e. Kọ́ìlì iná tó wà lábẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yí padà, kí o ní rẹ́gúlétọ̀, gbogbo gílóòbù àti họ́ọ̀nù náà á sì di ti 12. CDI ńkọ́, ra mágínẹ́ẹ̀tì, àwo kọ́ìlì rẹ̀ àti àpótí CDI papọ̀ látara máṣìnì kan náà. Tó o bá ṣa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, àkókò tí iná ń bẹ́ lè ṣi. Àmọ́ pọ́íǹtì tí a bá ṣí sí mílímítà 0.35, tí kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀ dára, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Kábúrétọ̀ ńlá, má ṣe é. Atẹ́gùn púpọ̀ tí jẹ́ẹ̀tì (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà wọlé) kò bá mu, ibi tí síìlì tó bàjẹ́ gbé mi dé náà ló máa gbé ọ dé. Fi èyí tó bá a wá sílẹ̀, fọ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, sì máa yẹ púlọ́ọ̀gì wò: tó bá pọ́n bíi bísikíìtì, ó dáa, tó bá funfun, dúró. Kìlómítà 500 àkọ́kọ́, má fa tọ́rótù kọjá ìdajì.

Tó o bá ti ṣí orí ẹ́ńjìnì, nu dúdú orí písítìnì kúrò. Tí wọ́n bá ti rìbọ́ọ̀ rẹ̀ rí, wàá rí 0.50 tàbí 0.75 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Kọ nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀ fún mẹkáníìkì kankan.