Ẹ Bi Wá: Mi ò lóbìí, ta ló máa dúró fún mi?

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan l'Adó-Èkìtì níbí ni mo dàgbà sí, mi ò mọ bàbá, mi ò mọ ìyá. Mo ti rí yunifásítì ìjọba wọ̀, àmọ́ mo ti lé ní 18, wọ́n sì ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́ torí àwọn kékeré ń wọlé. Gbogbo fọ́ọ̀mù ló ń béèrè orúkọ òbí, tí mo bá ti débẹ̀ ńṣe ni bírò á dúró lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ta ló máa wá ṣe oníduúró mi? — Ọmọ Adó

Àbúrò mi, o kú oríire o, inú mi dùn sí ẹ gan-an. Ọ̀rọ̀ oníduúró yẹn, òfin 2023 ló ní in, èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù April 2024 ti mú un kúrò, NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ò sì wo iye tí òbí ń gbà mọ́. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, tó o bá béèrè owó oúnjẹ wọ́n á máa fún ẹ ní ₦20,000 lóṣù, kò sí èlé lórí ẹ̀, ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

Ibi tó ti lè há ni ọjọ́ ìbí. Wọ́n lè ti fojú díwọ̀n tìẹ nígbà tí wọ́n gbé ẹ dé, tí NIN bá wá ń sọ ọdún kan, tí JAMB ń sọ òmíràn, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á. Kó o tó gbé báàgì jáde níbẹ̀, gba lẹ́tà lọ́wọ́ mátírọ́nì, kó ní sítáǹbù, kó sọ ọjọ́ tó o débẹ̀, kó o mú un lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba kí àwọn náà kọ tiwọn. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè òbí, kọ orúkọ ilé yẹn síbẹ̀ bí alágbàtọ́, má fi orúkọ àyédèrú síbẹ̀ rárá.

L'Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù FAFSA wọn, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ló máa bi ẹ́ bóyá o ti wà nílé alágbàtọ́ rí látìgbà tó o ti pé 13, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ wọn ò ní béèrè owó òbí kankan, owó kan tún wà fáwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tó lè tó $5,000 lọ́dún. Ó dùn mí pé kò sí irú ìbéèrè yẹn lórí fọ́ọ̀mù tiwa.

Àmọ́ ọlidé ló ń já mi láyà jù fún ẹ. Tí họ́sítẹ́ẹ̀lì bá tì, tí kálukú gba Ìjerò, gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sílé, ibo lo máa sùn? ₦20,000 ò lè gba yàrá ní Ìwòròkó, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, owó ọdún kan ni lándílọ́ọ̀dù ń béèrè. Bẹ mátírọ́nì látìsinsìnyí pé kó o máa padà wá lásìkò ọlidé nìkan, wàá máa kọ́ àwọn kékeré ní lẹ́sìn. Tí wọ́n bá kọ̀, lọ bá àwọn Student Affairs ní sáà àkọ́kọ́, má tijú, kó má dìgbà tí wọ́n bá ń ti géètì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ráìsì lọ síbẹ̀ ní Kérésì, ẹ ṣeun o, àwọn tó ti dàgbà kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní yàrá tó ṣófo l'Adó, l'Ọ̀yẹ́ tàbí n'Ìkọ̀lé, ẹ lọ sọ fún àwọn wẹ́fíà pé ẹ lè gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sílé lásìkò ọlidé.