Ìdí tí àwọn ọlọ́ṣà fi ń le sí i nínú Oblivion

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ pa akọni yín tì kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ géèmù The Elder Scrolls IV: Oblivion ti ọdún 2006 lákọ̀tun, nítorí pé ẹ ti dé ìpele 18, síbẹ̀ àwọn góbúlìn, ìyẹn iwin kéékèèké inú ihò, tí ẹ ń fi idà kan pa tẹ́lẹ̀ ti wá ń fi ojú yín rí màbo. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín ti ṣe mí rí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru ni mo sì fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá géèmù yìí, mo fi Acrobatics (fífò), Athletics (sísáré) àti Alchemy (pípo oògùn) kún òye pàtàkì méje tí wọ́n ní kí n yàn nínú 21. Ó bá ìwà mi mu, nítorí pé mo fẹ́ràn láti máa fò kiri, gbogbo ewé tí mo bá sì já lójú ọ̀nà ni mo ń pò di oògùn. N kò mọ̀ pé nígbàkígbà tí òye pàtàkì bá gòkè lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí mo sì sùn, ìpele mi yóò gòkè, àti pé àwọn ọ̀tá ní gbogbo Cyrodiil, ilẹ̀ tí géèmù náà ti wáyé, yóò máa le sí i bí mo ṣe ń gòkè. Mo dé ìpele 20 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ fífò bí ọ̀bọ ṣùgbọ́n tí kò mọ idà á lò. Ọlọ́ṣà kan dá mi dúró, ó ní kí n mú 100 owó wúrà wá tàbí kí n kú, bẹ́ẹ̀ ni ihámọ́ra gíláàsì tó wọ̀ sọ́rùn níye lórí ju ohun tó ń béèrè lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó pa mí.

Ìpìlẹ̀ àbùkù náà nìyẹn, ìṣirò àbùdá, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí akọni ṣe lágbára tàbí yára tó, sì tún dá kún un. Bí ìpele bá gòkè, àbùdá mẹ́ta ni a ń yàn láti fi nǹkan kún, ṣùgbọ́n iye tí a óò rí fi kún un wà lọ́wọ́ iye ìgbà tí àwọn òye abẹ́ rẹ̀ gòkè láàárín ìpele kan sí èkejì: bí ó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá, a rí 5, bí wọn kò bá gòkè rárá, 1 péré ni. Endurance, àbùdá ìfaradà, ló ń dunni jù, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni a ń fi kún ẹ̀mí wa ní ìpele kọ̀ọ̀kan, èyí tí a bá sì pàdánù ní ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo ń fi bírò kọ iye ìgbà tí Block mi, òye fífi asà dínà ìkọlù tó wà lábẹ́ Endurance, gòkè sínú ìwé; iṣẹ́ akọ̀wé ni, kì í ṣe eré. Ẹ̀dà tuntun tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ti pa ìṣirò yìí rẹ́, ó ń fún ni ní àmì 12 láti pín ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ayé inú rẹ̀ ṣì ń bá ẹni gòkè.

Èrè iṣẹ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Idà Chillrend tí bàbá kan ní ìlú Chorrol ń fúnni bí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bá yè, bí ìpele yín bá ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á ni yóò ṣe wà títí láé. Mo yára gbà á, ó sì di ohun ìṣeré ọmọdé lọ́wọ́ mi.

Kí ló wá dé tí mo ṣì ń padà síbẹ̀? Nítorí àwọn iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ìṣirò. Nínú ilé Summitmist ní ìlú Skingrad, ẹgbẹ́ apànìyàn tí ń jẹ́ Dark Brotherhood rán yín láti pa àlejò márùn-ún tí wọ́n rò pé àpótí wúrà ni gbogbo yín jọ ń wá. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ gbìn ín sí ẹnì kan lọ́kàn pé ẹnì kejì rẹ̀ ni apànìyàn, ẹ sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fura síra wọn. Ní ìlú Cheydinhal, ayàwòrán kan há sínú àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ẹ ó sì wọlé lọ bá a láàárín igi tí a fi ọ̀dà kùn. N kò tíì rí irú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí ìjà wọn dán ju ti èyí lọ. (Ohùn kan náà ni ìdajì ìlú fi ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín ju bó ṣe ń bí mi nínú lọ.)

Nítorí náà, ẹ fa ọ̀pá tó ń pinnu bí géèmù náà ṣe le tó, tó wà nínú ètò rẹ̀, sí apá òsì díẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí ẹ má sì tijú. Ẹ fi ihò àwọn góbúlìn sílẹ̀, ẹ lọ bá Dark Brotherhood tàbí ẹgbẹ́ àwọn olè, níbi tí yíyọ́ rìn ti wúlò ju idà lọ. Bí iṣẹ́ gbígba ìlú Kvatch sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn abàmì bá ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì ṣe é, yóò le, nítorí àwọn ẹranko kéékèèké tí à bá bá níbẹ̀ ní ìpele 2 ti fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn abàmì ńlá. Ẹ gbé oògùn ìwòsàn púpọ̀ dání. Bí ẹ bá sì padà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lọ́jọ́ kan, ẹ mú Heavy Armor (òye wíwọ ihámọ́ra wíwúwo) tàbí Block láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi Acrobatics sílẹ̀ sí ìsọ̀rí kejì, ìyẹn àwọn òye tí kì í ṣe pàtàkì, kí ẹ lè máa fò bó ṣe wù yín.