Yìnyín ń yọ́ ní Greenland: ṣé kí n ra ilẹ̀ etí òkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté Mẹ́ta ni mo ti ń ta ohun mímu tútù. Ajẹ́ńtì kan ń fi ilẹ̀ lọ̀ mí lápá Àjàh, lẹ́bàá òkun. Ọmọ mi ní kí n má dán an wò, pé yìnyín ń yọ́ lókè ayé lọ́hùn-ún, òkun á gba ilẹ̀ náà. Mo wá ju áìsì sínú kọ́ọ̀bù omi, mo fàlà síbi tí omi dé. Áìsì yọ́ tán, omi ò kúrò lójú ìlà. Ta ló ń purọ́, ọmọ mi àbí kọ́ọ̀bù?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó purọ́, Mọ́mì. Áìsì tó léfòó ti gba àyè rẹ̀ nínú omi tẹ́lẹ̀. Ti Greenland, erékùṣù ńlá tó wà lókè ayé, àti ti Antarctica, ilẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀ ayé, orí ilẹ̀ ló jókòó lé. Tó bá yọ́, àtìta ló ti ń wọnú kọ́ọ̀bù. Ti Greenland nìkan nípọn ju kìlómítà 3 lọ láwọn ibì kan. Bí gbogbo ẹ̀ bá yọ́, òkun á fi bíi mítà 7 ga sí i, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kan.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn nìyí, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n ju èmi lọ torí ẹ ní fìríìsà. Ẹ wo ìrì funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ó fúyẹ́, ìka lè wọ̀ ọ́. Bí òjò dídì ṣe rí lórí Greenland nìyẹn: ti ọdún yìí gorí ti èṣín, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó sì lè jìn tó mítà 60 kó tó di yìnyín gbagidi. Afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Bí oòrùn bá yọ́ òkè díẹ̀, omi á jò wọnú ihò, á tún dì síbẹ̀. Kò ní dé òkun.

Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí wọ́n dá a padà ńkọ́? Ìrì yẹn á rọ̀, á tún dì, á dà bíi gíláàsì. Ìka ò wọ̀ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún mú iná lọ, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lomi ń bá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí Greenland nìyẹn: ooru ti sọ òjò dídì ibẹ̀ di pákó yìnyín, omi ń gba orí rẹ̀ ṣàn lọ sókun. Lóṣù Keje 2012, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má síbi tójú rẹ̀ ò ti rọ̀. Lóṣù Kẹjọ 2021, òjò olómi rọ̀ sí téńté orí rẹ̀, níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ. Wọn ò ṣàkọsílẹ̀ irú ẹ̀ rí.

Jíjìnnà wa ò sì gbà wá. Yìnyín ńlá bẹ́ẹ̀ wúwo débi pé ó máa ń fa omi òkun sún mọ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń dín kù ló ń tú omi náà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa tó jìnnà ló sì ń wá.

Ní ti ilẹ̀ yín, sọ̀féyọ̀ ni mí, mi ò ní sọ pé Greenland ló jẹ Bar Beach. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi Èkó láàárín 1908 sí 1912 ló dá yanrìn dúró, tí òkun fi kó ti Victoria Island láìdá a padà. Òkun tó ń ga ń gùn lé e ni. Láti 1901, ó ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga káàkiri ayé.

Ẹ ní kí sọ̀féyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì, wọn bí ilẹ̀ náà ṣe ga ju òkun lọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá irà tí wọ́n da yanrìn sí ni, torí irú ẹ̀ máa ń rì díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wọ bàtà òjò lọ síbẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí òṣùpá bá kún, tí òkun sì ga. Ajẹ́ńtì á fẹ́ mú yín lọ lóṣù Kejì. Ẹ má gbà.