Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí àbúrò rẹ̀ gba tirẹ̀

Ẹ kú làálàá ọmọ títọ́, ìyá tí ẹ béèrè bóyá dandan ni kí ọmọ yín ọdún mẹ́fà gba abẹ́rẹ́ èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì torí pé ilé ìwé kọ lẹ́tà. Ẹ ní ó ti gba ẹyọ kan nígbà tó wà lọ́wọ́, ẹ ò sì tíì gbọ́ pé èèyi ń jà lágbègbè yín. Irú lẹ́tà yẹn gan-an wá sílé mi rí. Mo kà á, mo ní màá mójú tó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo tì í padà sínú àpò ìwé ọmọ. Ibẹ̀ ló wà tí ọ̀ràn fi dé.

Ọmọ ọdún méje ni tèmi nígbà náà. Ẹyọ kan ni òun náà gbà, ní oṣù 9. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ó jí pẹ̀lú ikọ́, imú ń ṣàn, ojú pọ́n díẹ̀. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní pè é ní ọ̀fìnkìn? Mo fún un lóògùn ikọ́, mo wọṣọ fún un. Ó lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 40, kò lè ṣíjú wo iná. Nọ́ọ̀sì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu lọ́jọ́ kejì, ó fi àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ hàn mí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹyọ iyọ̀. Kíá ló kó wa kúrò láàárín àwọn tó ń dúró de dókítà. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ara rẹ̀ wá sú, láti ẹ̀yìn etí bọ́ sójú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: èèyi ti ń ràn láti bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara tó sú. Gbogbo ọjọ́ méjì tí mo fọwọ́ ara mi mú un lọ, ó ń pín in káàkiri ni. Kò tiẹ̀ nílò kó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń bá lọ, ó sì lè wà nínú yàrá títí dé wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni tó ní in ti jáde. Nínú ẹni mẹ́wàá tí kò ní ààbò tó bá sún mọ́ ọn, bí mẹ́sàn-án ló máa kó o. Ẹ ò wá rí i pé ìgbà tí ẹ bá fi máa gbọ́ pé ó ń jà, ó ti jókòó sí kíláàsì tipẹ́.

Ní ti ẹyọ kan àbí méjì: nínú ọmọ 100 tó gbà á ní oṣù 9, bíi 85 ló ń mú lára, tí wọ́n bá ti pé ọdún kan kí wọ́n tó gbà á, ó sún mọ́ 93. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń gbé e dé nǹkan bíi 97. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbó. Ààbò tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá lè má tíì tán lára rẹ̀ ní oṣù 9, kó sì dí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa wo ọmọ lójú kẹ́ ẹ mọ èyí tí kò mú lára rẹ̀.

Àmọ́ àbúrò rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kó gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé wọ́n lè fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà ní abẹ́rẹ́ yìí bí àrùn bá ti wọlé, tí wákàtí 72 kò bá tíì kọjá láti ìgbà tó kọ́kọ́ sún mọ́ ẹni tó ní in, àti pé abẹ́rẹ́ mìíràn tún wà tó lè ranni lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Èmi tí mò ń sáré tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó béèrè ohunkóhun nípa àbúrò. Òtútù àyà ló bá a jà. A sun ọsibítù lálẹ́ mẹ́jọ, ọ́síjìn nímú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní fítámì A lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ó yè é, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò sí àìsàn tó kọjá lójúde tí kò yà kí i, torí èèyi máa ń pa ohun tí ara ti kọ́ nípa àwọn àrùn mìíràn rẹ́.

Ẹ ní bàbá ọmọ yín ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ yìí ń fa ọ́tísímù, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn ṣe pọ̀. Ìwé tí dókítà kan kọ ní 1998 ló dá ìyẹn sílẹ̀. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde fagi lé e, wọ́n sì gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ara ọmọ lè gbóná ní bí ọjọ́ keje sí ìkejìlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Mo já láyà nígbà tèmi, kẹ́ ẹ má já.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì yẹn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Irú wọn ò lè gba abẹ́rẹ́ yìí. Àfi kí àwọn tó yí wọn ká gbà á, kó sì tó bíi 95 nínú 100. Ìyá rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Kò bú mi. Ó kàn béèrè ọjọ́ tí ọmọ mi wá sílé ìwé kẹ́yìn. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dákẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ka ọjọ́ lábẹ́ ètè. Ọmọ tirẹ̀ kò kó o. Àwa méjèèjì ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ láti ìgbà náà.

Tó bá jẹ́ pé káàdì yín ló sọnù, ẹ má tìtorí ìyẹn dúró. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò dá yín lójú, wọ́n á fún un. Bó bá tiẹ̀ ti gba méjì rí, ẹ̀kẹta ò ní pa á lára.