Ṣé ẹ̀fọn tó jẹ ẹni tó ní HIV lè kó o ran ẹlòmíì?

Rárá. Itọ́ ni ẹ̀fọn máa ń tu síni lára, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ. Kòkòrò HIV kò sì lè gbèrú nínú rẹ̀. Ṣe ló máa ń dà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó mu. Ibà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ àti omi tó ń ṣáájú rẹ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí àti omi ọyàn ló ń gbé HIV. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́ tàbí awọ fẹ́lẹ́ inú ojú ara, ihò ìdí tàbí ẹnu, tàbí kí wọ́n gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Torí náà àjọjẹun, ìdìmọ́ra, ikọ́ àti ṣáláńgá kò kó o ranni. Abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíì ti lò ni kẹ́ ẹ sá fún gidi, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń kù sínú ihò rẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Èyí ló ṣì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́, ẹ tètè lọ gba PEP, ìyẹn oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nílé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé; ọjọ́ 28 lẹ máa fi lò ó.