Ìwé Ìfọwọ́sí Kíláàsì

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Iléṣà. Ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fọwọ́ sí i pé àwọn wá sí kíláàsì ti kún dúróọ̀ mi. Ǹjẹ́ ó wúlò?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò kí ìdánwò tó dé. Ní ọdún 2007, Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo máàkì àti ìlò ojú-ìwé ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà láti mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rẹ̀yìn, kí wọ́n lè fi àmì pupa kìlọ̀ fún un. Ìwé tiyín náà lè ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó fọwọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí orúkọ rẹ̀ wá pòórá ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ pè é, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í. Ó lè jẹ́ owó ọkọ̀ ni kò ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé náà halẹ̀ mọ́ ọn.